Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Ti Ń Mọ Ẹni Tí Ẹdínwó Tọ́ Sí

Ẹni tí ó bá mú ìgò òfìfo lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò kì í san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Owó ohun mímu nìkan ni ti àkọ́kọ́ yóò san. Èkejì yóò san owó ìgò mọ́ ọn. Òǹtajà kì í béèrè ibi tí a ti rí ìgò náà. Yóò wò ó bóyá ó fọ́, yóò gbà á, yóò sì tì í sínú àpótí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, nítorí pé ìgò kan ṣoṣo kò lè gba ẹdínwó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tí ń ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ ti ń tajà tipẹ́ lọ́nà tí ó jọ èyí. Bí ètò tuntun bá jáde, ẹni tí ó ti ra ti àtijọ́ a máa rí i rà ní owó tí ó dín sí ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé Windows XP jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, dọ́là 199 ni wọ́n ń ta odidi rẹ̀ fún ìlò inú ilé, ṣùgbọ́n dọ́là 99 ni ti àwọn oníbàárà àtijọ́. Ìyàtọ̀ dọ́là 100 kì í ṣe ohun kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òǹtajà kankan tí ó dúró nídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí oníbàárà bá ń fi ètò náà sórí ẹ̀rọ nínú yàrá rẹ̀. Ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe àyẹ̀wò, kò sì lè mọ ẹni tí ó sanwó. Àmì nìkan ni ó lè rí.

Àmì tí XP ń wá kò ṣòro. Bí Windows àtijọ́, bí irú Windows 98, bá ti wà nínú ẹ̀rọ, yóò rí i, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí inú ẹ̀rọ bá ṣófo, yóò dúró, yóò sì ní kí oníbàárà fi àwo síìdì ti àtijọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Yóò wo ohun tí ó wà lórí àwo náà. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ní kí a yọ ọ́, kí a sì dá àwo XP padà.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti ìgò. Òǹtajà gba ìgò, ó sì mú un lọ. Àwo síìdì padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Àwo kan ṣoṣo lè jẹ́rìí nínú ilé mẹ́wàá. Ní òdìkejì, ẹni tí ó sanwó rẹ̀ pé pérépéré, tí àwo rẹ̀ sì ti họ, kò ní ẹ̀rí kankan láti fi hàn. Ọ̀pọ̀ ló tilẹ̀ ra ẹ̀rọ tí Windows ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, tí ó jẹ́ pé àwo ìmúpadàbọ̀sípò nìkan ni wọ́n fún wọn, èyí tí ètò náà sì lè ṣàìdá mọ̀. Olóòótọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, alárékérekè sì wọlé.

Ilé-iṣẹ́ Adobe, tí ó ni Photoshop, yan nọ́ńbà dípò àwo: ẹni tí ó bá ra ti ẹdínwó ní láti tẹ nọ́ńbà ti àtijọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà kì í họ, ṣùgbọ́n ìwé tí a kọ ọ́ sí a máa sọnù.

Nígbà tí Windows Vista dé ọ̀dọ̀ aráàlú ní oṣù kìíní ọdún 2007, Microsoft kò béèrè àwo mọ́. Ẹni tí ó ra ti ẹdínwó ní láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti inú Windows àtijọ́ tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àwo Vista, tí ó sì tẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 tí ó bá àwo náà wá, ètò náà kò ní gbà á. Ẹni tí ibi ìpamọ́ inú ẹ̀rọ rẹ̀ bá bàjẹ́ ní láti kọ́kọ́ fi ti àtijọ́ sórí ẹ̀rọ, kí ó tó fi tuntun lé e: iṣẹ́ ọ̀sán kan gbáko. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi rí i pé bí a bá fi Vista sórí ẹ̀rọ láìtẹ kọ́kọ́rọ́, tí a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti inú Vista náà, ètò náà yóò ka ara rẹ̀ sí Windows àtijọ́, yóò sì gba kọ́kọ́rọ́. Ó jọni lójú pé ẹ̀ṣọ́ lè gba ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Síbẹ̀, ọ̀nà yìí kò sọ ẹni tí kò ra ti àtijọ́ rí di ẹni tí ẹdínwó tọ́ sí. Ilẹ̀kùn ṣí ni, àdéhùn kò yí padà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2015, Windows 10 jáde, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọdún kan fún àwọn tí ń lo Windows 7 tàbí 8.1. Nígbà yìí, Microsoft gba ìwé àkọsílẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn. Bí ẹ̀rọ kan bá ti gòkè láti inú Windows tòótọ́, a óò kọ àmì ara ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Microsoft láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá di ọjọ́ iwájú, tí a nu inú ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní, tí a sì fi Windows 10 sí i padà, kò sí kọ́kọ́rọ́ tí a óò béèrè. A ti mọ ọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, wọ́n tún jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ Windows 7 tàbí 8 ṣí i tààrà. Títí di ọdún 2023 ni irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kan tí wọ́n dá ti parí ní ọdún 2016.

Àléébù èyí ni pé ara ẹ̀rọ ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá pààrọ̀ pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, Microsoft lè wò ó bí àjèjì. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti fún oníbàárà láyè láti so ẹ̀tọ́ náà mọ́ orúkọ tí ó fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kí pátákó náà tó bàjẹ́ ni ó ti yẹ kí a ṣe é.

Ẹni tí ń ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ dé kí ó tó ka owó sílẹ̀: kí ó ní kí òǹtajà tan ẹ̀rọ, kí ó ṣí Settings, kí ó sì wá Activation. Ibẹ̀ ni a kọ ọ́ sí bóyá a ti ṣí Windows náà, àti bóyá ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.