Àpótí Ìmọ̀: Owó Bodè àti Owó Orí

Owó bodè ni owó tí ìjọba ń gbà lórí ẹrù òkè òkun. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ọtí líle ló ń mú èyí tó pọ̀ jù wọlé fún ìjọba amúnisìn ní Gúúsù Nàìjíríà. Ẹni tí kò ra ọtí kò san kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Owó orí kò rí bẹ́ẹ̀: bọ́jà tà, bí kò tà, dandan ni. Ká ní àgbàlagbà 2,000 ní ìlú kan san ṣílè 5 lórí kọ̀ọ̀kan. Ṣílè 10,000 nìyẹn. Ṣílè 20 ló jẹ́ pọ́n-ùn 1 nígbà náà, nítorí náà pọ́n-ùn 500 ni ìjọba rí gbà. Ìnira owó orí pọ̀ fún tálákà. Owó orí yìí wà lára ohun tó fa Ogun Adùbí, ìyẹn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba amúnisìn nílẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918.