Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ Wò, Má Wo Ẹnu Ayé

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O bi mí bóyá ó tó kéèyàn fẹ́ràn ara rẹ̀ bó ṣe rí, tàbí àwọn tó ń sọ pé ìsanrajù ń pani ló tọ̀nà. Èrò mi ni pé àwọn tó ń jà sí ọ̀rọ̀ yìí ti da ẹwà àti ìlera pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀rọ̀ ẹwà, ẹnu àwọn èèyàn ló wà. Ti ìlera, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, kò sì sí ẹni tó lè dúró lókèèrè kó fojú rí i.

Ní Amẹ́ríkà tí o wà yẹn, àwọn oníṣègùn kó èèyàn 3,234 jọ, dúdú, funfun àti ẹ̀yà mìíràn, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n fún apá kan ní oògùn metformin. Apá kejì kò gba oògùn. Wọ́n ní kí wọ́n dín ọ̀rá inú oúnjẹ kù, kí wọ́n máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì gbìyànjú kí ìwọ̀n ara wọn fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Nígbà tí èsì jáde ní 2002, wọ́n fi apá méjèèjì wé apá kẹta tí kò gba ìtọ́jú gidi: oògùn ti fi ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún dín àtọ̀gbẹ kù, ìrìn àti oúnjẹ fi ìdá 58 dín in kù. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ wo ìdá 7 yẹn. Ẹni tó wọn 100 kílò, kílò 7 péré ni wọ́n ní kó bọ́ lára rẹ̀. Yóò ṣì wọn 93. Àwọn tó ń pè é ní orobó tẹ́lẹ̀ yóò ṣì máa pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìwé ìròyìn oge tó máa torí ẹ̀ gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Àyípadà tí ojú aráyé kò rí rárá ló lè lé àtọ̀gbẹ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń jà fún ẹni tó sanra máa sọ pé èébú ni àwọn èèyàn fi ọ̀rọ̀ ìlera bò lórí. Òótọ́ ni, mi ò ní jiyàn. Ìyà yẹn ló mú kí wọ́n dá ẹgbẹ́ NAAFA sílẹ̀ ní 1969, kí wọ́n má baà máa fi sísanra du èèyàn ní iṣẹ́ àti ọ̀wọ̀. Ìwádìí tí Angelina Sutin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2015 fi hàn pé àwọn tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín wò nítorí ìwọ̀n ara wọn tètè ń kú ju àwọn yòókù lọ, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ìwọ̀n ara náà mọ́ ìṣirò. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, tòsì la fi ń fà á mọ́ra. Àwọn eléèébú yìí, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń nà. Wọ́n tún máa sọ pé BMI, ìṣirò tó ń fi ìwọ̀n ara wé gíga èèyàn, kì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye. Ìyẹn náà rí bẹ́ẹ̀. Quetelet, ará Belgium tó ṣe ìṣirò náà ní àwọn ọdún 1830, kì í ṣe dókítà. Onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ni. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà fúnra wọn sọ ní 2023 pé kí dókítà má gbára lé BMI nìkan. Ṣùgbọ́n bí òṣùwọ̀n ọjà bá ń parọ́, ìyẹn ò ní kí gàrí má sí nínú àpò. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ní ohun tí wọ́n fi ń wọn tiwọn, kò sì ti ọwọ́ Quetelet wá.

Nílé níbí, ibòmíràn ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá sanra, kíkí ni wọ́n ń kí i: “Ara ẹ mà yọ̀ o, ayé ń yẹ ẹ́.” Ẹni tó rù ni wọ́n ń bi pé kí ló ń ṣe é. Mo mọ ibi tó ti wá: níbi tí ebi àti àìsàn ti ń jẹ́ kéèyàn gbẹ, ara tó kún di ẹ̀rí àlàáfíà. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà hàn lójú, lẹ́pa náà sì lè ní in. Ìyìn lè bo àìsàn mọ́lẹ̀ bí èébú ṣe lè bò ó, nítorí ẹni tí wọ́n ń yìn kò rí ìdí tó fi yẹ kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò, ẹni tí wọ́n ń bú sì ń sá fún ọsibítù kí wọ́n má baà tún bú u níbẹ̀.

Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ láti kórìíra ara rẹ, má sì gbà fún ẹni tó bá ní àyẹ̀wò jẹ́ ìwà ọ̀dàlẹ̀ sí ara rẹ. Bí dókítà bá ń fi ọ̀rọ̀ sísanra dáhùn gbogbo ohun tó bá ń dùn ọ́, sọ fún un pé àyẹ̀wò tí yóò ṣe fún ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó ṣe fún ìwọ náà. Mo bẹ̀ ọ́, kí oṣù yìí tó parí, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ wò, kí o sì kọ nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Iye kílò tí o wọn, fi í sílẹ̀. Mi ò béèrè rẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.