Ẹ̀KỌ́: ALHAJI LATEEF JÁKÀŃDÈ ÀTI ILÉ-ÌWÉ ÀWỌN ỌMỌ WA

Ẹni tí a ó yẹ ìgbésí ayé rẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kàn. Òun ni Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè, Baba Kékeré.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó ni a ti bí i ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1929. (Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé àwọn tí wọ́n bá Kòsọ́kọ́ padà láti ọ̀dọ̀ yín ní 1862 ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó.) Ọmú-Àrán ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ó kọ́kọ́ ṣe, títí ó fi di olóòtú àgbà ìwé ìròyìn Tribune ti Olóyè Awólọ́wọ̀. Ní 1963 wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ dojú ìjọba dé. 1966 ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí ó ṣojú mi. Kí ó tó di gómìnà ní oṣù kẹwàá 1979, ilé-ìwé àárọ̀ àti ilé-ìwé ọ̀sán ni ó wà ní Èkó; ní àdúgbò mìíràn, ìsọ̀rí mẹ́ta ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí Grade II ni, ọmọ ọ̀sán ni wọ́n sì fún mi ní Ìkòròdú. Àwọn ọmọbìnrin a ti kiri ẹ̀kọ àti ẹja láti òwúrọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kí n tó kọ ìṣirò sójú pátákó, wọ́n ti sùn lọ.

Jákàńdè fi òpin sí i. Ó kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kíláàsì, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Àwọn kan ń fi àwọn kíláàsì náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìyẹ ni. Òótọ́ ni pé ooru ń mú wa níbẹ̀, bí òjò bá sì ń rọ̀ sórí páànù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni gbogbo ọmọ ń wá, ojú wọn sì dá.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣe ni mo fara mọ́. Ní 1980 ó pàṣẹ pé kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kásẹ̀ nílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Ìjọ Àgùdà, Okogie, pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá aládàáni láre. Ó dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983. Ilé ara rẹ̀ ní Ìlúpéjú ni ó ń gbé ní gbogbo ìgbà tí ó fi ṣe gómìnà, kò kó lọ sí ilé ìjọba.

Ibi tí ó dùn wá ni èyí: ní 1993, lẹ́yìn tí wọ́n ti fagi lé ìbò tí Abíọ́lá wọlé, ó gba ipò mínísítà lábẹ́ Ọ̀gágun Abacha. Ó ní òun kò ṣàdédé lọ. Ọ̀pọ̀ kò gbà. Èmi náà yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri pálọ̀ mi.

Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 2021, ní ẹni ọdún 91. Mo wá àwòrán náà kàn nísàlẹ̀ àpótí, ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé: bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ ó gbé e padà sára ògiri? Kí ni ìdí?