Ẹ má ṣa olú ẹ̀bá iléeṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé Ọ̀tà, òjò ti dé, mo sì rí i pé àwọn kan nínú yín ti ń ṣa olú lẹ́yìn ọgbà àwọn iléeṣẹ́ ní Sango. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Olú a máa fa ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ mọ́ra, òjé láti iléeṣẹ́ sì lè wà níbẹ̀. Bí ẹ fọ̀ ọ́, bí ẹ sè é, kò ní kúrò.

Kì í ṣe pé olú burú o. Lọ́dún 1975, B. A. Oso kọ̀wé sínú ìwé àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ Mycologia nípa olú àti àwa Yorùbá, lọ́bẹ̀ àti lóògùn. Ìwádìí òde òní sì fi hàn pé bí a bá sá olú tútù sóòrùn, fáítámì D inú rẹ̀ á pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ẹ gbìn ín. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ń dáná sun ní sọ́mìlì, tí èéfín rẹ̀ ń ta wá lójú, ni oúnjẹ rẹ̀. Àmọ́ ẹ má gba ti pákó tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí. Ẹ fi omi rin lẹ́búlẹ́bú náà, ẹ po èérí àlìkámà mọ́ ọn, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fi ooru omi sè é. Ó gbọ́dọ̀ tutù kí ẹ tó fi irúgbìn olú sí i. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ohun funfun bí òwú á bo gbogbo rẹ̀. Ẹ fi abẹ la ọ̀rá náà, ẹ máa wọ́n omi sí i, olú á sì yọ ní ìdì-ìdì bí etí ọmọdé.

Lẹ́yìn ìkórè, ẹ da lẹ́búlẹ́bú tó kù nínú ọ̀rá sídìí ẹ̀fọ́ yín.