Bí Ilẹ̀ Bá Mì, Ilé Wo Ni Yóò Dúró?

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ilẹ̀ mímì. Ẹlòmíràn lè ní, "Kí ló kan Agbálátà níbẹ̀? Omi la mọ̀ ní Àgbádárìgì." Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ nítòsí wa rí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì ní Accra, ilé wó, ènìyàn kú, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára títí dé Èkó. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1984, ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ó tún mì ní Abẹ́òkúta. Ọlọ́hun ṣàánú wa, kò le.

Kí ni ó ń pa ènìyàn gan-an? Ilẹ̀ tó mì ṣọ̀wọ́n láti pa ẹni tó wà ní gbangba oko. Ilé ló ń wó pani. Ní Agadir, ilẹ̀ Mòrókò, lóru ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1960, nínú Ramadan, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ni ilẹ̀ fi mì. Ó lé ní 12,000 ènìyàn tó kú, nítorí ilé wọn kò le. Ní Tọ́kì, ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2023, ó lé ní 50,000. Òfin ìkọ́lé tó dára wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2018 ìjọba gba owó lọ́wọ́ àwọn tó kọ́lé lódì sí òfin, ó sì jẹ́ kí ilé wọn dúró.

Ní Ìta Fájì, l'Ékòó, ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó lu àwọn ọmọdé. Ilẹ̀ kò mì lọ́jọ́ náà.

Ẹ má ṣe sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó kú ló fà á. Nígbà tí ojú oòrùn ṣókùnkùn lọ́jọ́ tí Ibrahim ọmọ Ànábì (SAW) kú, àwọn ènìyàn ní nítorí ikú rẹ̀ ni. Ànábì kọ̀ ọ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ àmáánà ni ká wò. Ẹni tó bu símẹ́ńtì kù nínú búlọ́ọ̀kù kò yàtọ̀ sí àwọn adíndínwọ̀n tí Suratul Mutaffifin bá wí.

Láyé àwọn bàbá wa, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé. Ẹni tí yóò gbé inú ilé wà níbi tí wọ́n ti ń po amọ̀. Bí ògiri bá wọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ló rí i. Lónìí, a ó kówó fún kọngílá, a ó lọ sílé. Ohun tó wà nínú òpó, a kò mọ̀.

Ó ṣojú mi. A fẹ́ sọ madrasa kan tí mo ti ń kọ́ni di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Owó ti pé, inú wa ń dùn. Bíríkìlà àgbàlagbà kan ní ká kọ́kọ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ wò. Inú bí wa sí i. Nígbà tí a gbẹ́ ẹ, ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ lásán ni. A dá owó àwọn òbí padà, àwọn kan kò sì tíì dárí jì wá. Ìbínú wọn tẹ́ mi lọ́rùn ju kí n máa kí wọn kú ọ̀fọ̀ lọ.

Ohun tí a lè ṣe:

1. Ẹ má fi iyanrìn òkun kọ́lé. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin inú òpó.

2. Iyanrìn tí omi kún, bíi ti etí ọ̀sà wa, lè rọ̀ bí ògì bí ilẹ̀ bá mì. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀ kí ẹ tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

3. Bí ilẹ̀ bá mì, wọ abẹ́ tábìlì tó le, fi ọwọ́ bo orí. Má sáré sórí àtẹ̀gùn.

4. Aládùúgbò ló ń kọ́kọ́ fa ènìyàn jáde kí ìjọba tó dé. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mọ àwọn arúgbó àti aláìlera tó ń dá gbé ní àdúgbò wọn.

Ànábì (SAW) ní kí ọkùnrin kan so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Ilé wa ni ràkúnmí wa. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa. Àmín.