Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Ohùn Láàrin Òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa dá lórí ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó wà nínú gúrúùpù WhatsApp níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ ń yá níbẹ̀, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìjà tí kò nídìí náà ń pọ̀ níbẹ̀. Kí ló fà á?

Ká ní ọmọbìnrin kan ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀gá ti kọ owó àná sílẹ̀. Ó yára tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i: "Owo ana, se e ti ko o?" Ohun tí ó ní lọ́kàn ni "ṣé ẹ ti kọ ọ́?" Ọ̀gá kà á sí "ṣé ẹ ti kó o?" Ọ̀ràn dé! Ẹni tó béèrè nípa àkọsílẹ̀ ti di ẹni tó pe ọ̀gá ní olè lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ni ó fi sọ ọ́, ohùn ì bá ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ì bá sì jẹ́rìí sí i. Ohùn ni ó gbé èdè wa ró, ohùn náà ni a sì ń fi sílẹ̀ bí a bá ń tẹ fóònù.

Ìkíni ńkọ́? Lójúkojú, a kì í bá ẹ̀gbọ́n pàdé níbi iṣẹ́ láàárọ̀ kí á má kọ́kọ́ kí i. Lórí fóònù, "Fáìlì dà?" ni à ń rí. (Àwọn kan tilẹ̀ ti gé sàláámà kù sí "slm"; a kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ààyè tó kù ṣe!)

Àmì búlúù tí WhatsApp mú wá ní 2014 tún dá kún un. Ọ̀gá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó rí i pé a ti kà á, a kò fèsì; ó ní a fojú di òun, bẹ́ẹ̀ ọmọ ni à ń rẹ̀ sùn. Ní ilẹ̀ Faransé, láti January 2017, òfin ti ní kí ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 50 bá wọn jíròrò lórí ẹ̀tọ́ wọn láti má dáhùn lẹ́yìn iṣẹ́. Òfin tiwọn nìyẹn.

Ní tiwa, èyí tó bá kan owó, àṣìṣe tàbí ìbáwí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sí gúrúùpù. Ẹ pe onítọ̀hún. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́. Láti 2013 ni WhatsApp ti fàyè gba ìyẹn. Bí ó bá sì di dandan kí á tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kún. Ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ì bá fi kún un: "sinu iwe".