Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÌWÀ KÁNSẸ́LỌ̀: IBO NI À Ń GBÉ E LỌ?

  Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ nílé, tí a máa ń sọ lọ́jà, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà sọ níbi tó yẹ ká ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ìwà àwọn kánsẹ́lọ̀ tí a dìbò yàn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní àdúgbò tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, káńsù ń pín ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà tuntun. Ìyá ọmọ iléèwé mi kan wá sọ fún mi pé òun ti san owó fún kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù àwọn kí orúkọ òun tó lè wọ̀wé, kò sì sí rísíìtì. Kò pẹ́ tí ìyá mẹ́ta mìíràn fi sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ gbọ́, inú bí wọn. Àwọn kan ní kí a lọ dí ojú ọ̀nà ilé rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a dárúkọ rẹ̀ lórí mínbárì lọ́jọ́ Jímọ̀. Baba kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló bi wá ní ìbéèrè kan tó pa wá lẹ́nu mọ́: "Èwo nínú yín ló ti kọ ọ́ sílẹ̀?" Kò sí ẹnì kankan.

Kókó ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn. Ẹ̀sùn tí kò sí lórí ìwé, tí kò ní ọjọ́, tí kò ní ẹlẹ́rìí, kò yàtọ̀ sí àhesọ. Àhesọ kò lè yọ aláìṣòótọ́ nípò, ṣùgbọ́n ó lè ba olóòótọ́ lórúkọ jẹ́.

1. Kí ni òfin ń retí lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀?

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní àfikún kan tó jẹ́ ti òfin ìwà àwọn tó wà nípò ìjọba. Nínú àfikún yìí, tó ṣe ìkarùn-ún, òfin ka alága, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ àwọn tí ó dè. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àǹfààní ara rẹ̀ forí gbárí pẹ̀lú iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ bèèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun nítorí iṣẹ́ tó jẹ́ ojúṣe rẹ̀. Kò gbọdọ̀ lo agbára ipò rẹ̀ láti fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn dù ú. Ó sì gbọ́dọ̀ kéde dúkìá àti gbèsè rẹ̀, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó tí wọn kò sì tíì pé ọdún 18, nígbà tó bá wọlé àti nígbà tó bá ń lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣé kánsẹ́lọ̀ kò wá gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn ìsọmọlórúkọ ni?" Òfin ro ìyẹn náà. Ó gbà á láyè kó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́, níwọ̀n tí àṣà bá mọ̀, ní àkókò tí àṣà bá mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fún un níbi ayẹyẹ ìjọba, ti iléeṣẹ́ tó ń ṣojú fún ni, kì í ṣe tirẹ̀.

2. Ilẹ̀kùn wo ni ká kàn?

Ẹ̀sùn kò dọ́gba, ibi tí à ń gbé wọn lọ kò sì dọ́gba.

(a) Bó bá jẹ́ pé kì í wá sí ìpàdé, tàbí pé ó hùwà tí kò yẹ nínú ìgbìmọ̀, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń rí sí i. Olórí ìgbìmọ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀ ni à ń kọ̀wé sí, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀.

(b) Bó bá rú òfin ìwà tí a sọ lókè, Code of Conduct Bureau ni à ń kọ̀wé sí. Wọn yóò wádìí. Bí ọ̀rọ̀ bá rí ẹsẹ̀ walẹ̀, wọn yóò gbé e lọ síwájú Code of Conduct Tribunal, tí alága kan àti ọmọ ìgbìmọ̀ méjì ń jókòó. Ilé ẹjọ́ yìí lè yọ ọ́ nípò, ó lè fòfin dè é pé kó má di ipò ìjọba mú fún ìwọ̀n ọdún tí kò ju 10 lọ, ó sì lè gba dúkìá tó fi ipò kó jọ. Ẹni tí ìdájọ́ náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

(c) Bó bá jẹ́ rìbá, àjọ ICPC tí òfin ọdún 2000 dá sílẹ̀ wà. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: òfin náà mú ẹni tó gbà á, ó sì mú ẹni tó fún un. Ẹni tí wọ́n bá bèèrè rìbá lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè lọ fi tó aláṣẹ létí. Ìyá tó san owó tí kò sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ kò tíì bọ́ nínú ọ̀ràn.

(d) Bó bá jẹ́ pé káńsù fúnra rẹ̀ ló ṣe ohun tó ni wá lára láìtọ́, Public Complaints Commission ti wà láti ọdún 1975. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ń retí pé kí a ti kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ wá, kí oṣù 12 má sì tíì kọjá lórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn ni wọ́n ń fún ìjọba, wọn kì í dájọ́ bíi ti adájọ́.

3. Báwo ni à ń kọ ọ́?

Kọ orúkọ rẹ àti àdírẹ́sì rẹ. Kọ ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, iye owó, àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ya ohun tí o fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún ọ. Má bú u, má pe ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sí i. Tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ẹni tó gbà á sì bá ọ fọwọ́ sí i. Bí ìwé tí o nílò bá wà lọ́wọ́ káńsù, òfin ọdún 2011 tó fún ará ìlú láṣẹ láti bèèrè ìwé ìjọba fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin náà dè.

4. Ẹni tí a fi sùn náà ní ẹ̀tọ́

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká rántí ìtàn Sa'd ọmọ Abi Waqqas, nígbà tó jẹ́ gómìnà ní Kufa. Àwọn ará ìlú fi í sùn lọ́dọ̀ Khalifa Umar, títí dé orí pé kò mọ ìrun kí dáadáa. Umar kò fojú kékeré wo ẹ̀sùn wọn: ó yọ Sa'd kúrò lórí ipò. Síbẹ̀ kò tíì pè é ní ẹlẹ́bi. Ó pè é, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rán èèyàn lọ sí Kufa, wọ́n ń bèèrè láti mọ́sálásí dé mọ́sálásí, ní gbangba. Gbogbo wọn yìn ín, àfi ní mọ́sálásí kan ṣoṣo tí ọkùnrin kan ti dìde sọ tirẹ̀. Nígbà tí Umar sì ń kú lọ, ó jẹ́rìí pé kì í ṣe nítorí àìlágbára tàbí ìjìbìtì ni òun ṣe yọ ọ́.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀: a gba ẹ̀sùn tálákà lórí ẹni ńlá, a gbọ́ tẹnu ẹni ńlá náà, a wádìí níbi tó ti ṣẹlẹ̀, a sì dá orúkọ rere padà fún ẹni tó ni ín.

Àwọn ìyá wa ńkọ́? A jókòó pẹ̀lú wọn lẹ́yìn ìrun Asri, a kọ ọ̀rọ̀ kálukú sílẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́rin bẹ̀rù, kò fọwọ́ sí i. Káńsù pe ìhà méjèèjì. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tó kù kò tilẹ̀ rí kánsẹ́lọ̀ sójú rí. Ọmọkùnrin kan ló fi orúkọ rẹ̀ gbowó. Àwọn méjì yòókù ni kánsẹ́lọ̀ kò rí ọ̀rọ̀ wọn jàre, ó sì dá owó wọn padà níwájú ìgbìmọ̀. Káńsù lẹ orúkọ àwọn tó gba ṣọ́ọ̀bù mọ́ ara ògiri. Bí a bá ti lọ sórí mínbárì lọ́jọ́ náà, à bá ti fi irọ́ kan kún òtítọ́ méjì.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ẹ̀ka:
1. Kí ló mú ẹ̀sùn yàtọ̀ sí àhesọ?
2. Ilẹ̀kùn wo ni ẹ ó kàn bí kánsẹ́lọ̀ yín bá gba owó iṣẹ́ tó jẹ́ ojúṣe rẹ̀?
3. Ìyá tó bẹ̀rù tí kò fọwọ́ sí ìwé, báwo ni ẹgbẹ́ ṣe lè dúró tì í?

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹlẹ́rìí òdodo, kódà lórí ara wa. Àmín.